Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé ní Ọ̀nà Èjìgbò sí Àbíjàn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí lè kéré lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin. Okùn bàtà kò tó nǹkan, síbẹ̀ ẹni tí kò bá so ó kì í rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìjókòó inú ọkọ̀: bí ọ̀nà bá jìn, tí Ọlọ́run sì fún ènìyàn ní ojú láti fi ríran, ẹ̀gbẹ́ wo ni ó yẹ kí ó jókòó sí?

Kò sí ẹni tí ó mọ Èjìgbò dáadáa tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni ìlú yìí fi dúró ní ilé, ó fi ẹsẹ̀ kejì dúró ní Àbíjàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn baba wa ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Treichville, àdúgbò àwọn oníṣòwò ní Àbíjàn, kì í ṣe ìlú àjèjì fún wọn mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá, èyí ni Anago. Títí di òní, a ń gbọ́ èdè Faransé ní ọjà Èjìgbò, owó sẹ́fà kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣòwò wa, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì sì ń gbéra ní Èjìgbò lọ sí Àbíjàn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ mìíràn ti ń gbéra lọ sí Òṣogbo tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá wọ Màsífà, tàbí Ìwátá, tàbí Ìsùndúnrìn, ó ṣòro kí a tó rí agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní ọ̀nà náà.

Àwọn tí ń múra àjò a máa wá bá wa pé kí a bá wọn kọ ìwé, wọn a sì máa béèrè ohun púpọ̀. Wọn a béèrè iye owó ọkọ̀, wọn a béèrè ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, wọn a béèrè irú oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó tọ́ tí ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè rí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n jókòó sí?" Ibi tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń jókòó sí. Àwa náà ti wà bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì wá nítorí rẹ̀.

Kí a tó kọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ sí Àbíjàn, a tètè dé ibùdó ọkọ̀, a sì sanwó ṣáájú ọ̀pọ̀ èrò, tí ó fi jẹ́ pé a lè yan ìjókòó tí ó wù wá. Ìjókòó àárín ni a yàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà kọjá nínú ọkọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ wa gùn, a sì ń bẹ̀rù kí afẹ́fẹ́ má baà fi òtútù kọlu àyà wa. A na ẹsẹ̀, a bo orí, a sùn. Ní bodè kọ̀ọ̀kan wọ́n jí wa, a fi ìwé hàn, a sì tún sùn. A dé Àbíjàn ní àlàáfíà, a ṣe ohun tí a bá lọ, bákan náà ni a sì sùn bọ̀ wá sí ilé.

Ìyá àgbà kan ń bẹ nínú ìjọ wa nígbà náà, tí ó ti ta aṣọ ní Treichville fún ohun tí ó lé ní 30 ọdún kí ó tó padà wá sí ilé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gba ìrìn-àjò mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a padà dé, ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fa òun wá sí ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn. Ó di ọwọ́ wa mú, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, kú àbọ̀. Ìwọ ni ojú mi lónìí. Ní Aného, ṣé òkun ṣì jìnnà sí ọ̀nà? Àwọn igi àgbọn ibẹ̀ ń kọ́? Ilé ńlá funfun tí ó wà létí omi ní Elmina, ṣé ó ṣì dúró?"

A wo ilẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà lọ tí a sì gbà bọ̀ ni ó ń béèrè, a kò sì ní èsì kan ṣoṣo láti fún un. A jẹ́wọ́ fún un pé oorun ni a sùn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Háà, ọmọ mi! Ọlọ́run fún ọ ní ojú, o wá fi aṣọ bò ó." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Nígbà tí a óò fi tún ìrìn-àjò náà rìn, a kò fi ọ̀rọ̀ ìjókòó ṣeré mọ́. Ohun tí a kọ́ ni a fẹ́ sọ fún yín yìí.

Òfin ìkínní rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé ìwé lè há a sórí. Ọ̀nà wa sọ̀ kalẹ̀ láti Èjìgbò sí ìhà gúúsù títí dé agbègbè Èkó. Láti ibẹ̀ ó yí sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń tọ etí òkun lọ títí dé Àbíjàn, ìrìn tí ó lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Nítorí náà ọwọ́ òsì ẹni tí ń lọ ni òkun wà, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ń bọ̀ ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun, kí ó gba fèrèsé òsì ní àlọ, kí ó sì gba fèrèsé ọ̀tún ní àbọ̀. Kí ó tètè dé ibùdó ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sanwó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yàn.

Bodè mẹ́rin ni a óò kọjá. Ní Sèmè ni a ti ń jáde kúrò ní Nàìjíríà bọ́ sí ilẹ̀ Benin. Ní Hillacondji ni a ti ń bọ́ sí Tógò. Ní Aflao ni a ti ń bọ́ sí Gánà. Ní Elubo, níbi tí odò Tano wà, ni a ti ń bọ́ sí Côte d'Ivoire. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà náà ni a ti ń rí òkun, nítorí náà kí arìnrìn-àjò mọ ibi tí yóò ti la ojú rẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn Kútọnu àti Ouidah, nígbà tí ọkọ̀ bá ń súnmọ́ Grand-Popo, òkun yóò yọ ní òsì. Láti Aného dé Lomé, kò ní jìnnà sí ọ̀nà. A óò rí afárá gígùn tí ó wọ inú omi lọ ní Kpémé, níbi tí wọ́n ti ń kó fọ́síféètì ilẹ̀ Tógò sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní Lomé fúnra rẹ̀, títì ńlá kan wà létí iyanrìn òkun, bodè Gánà sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀.

Lẹ́yìn Aflao, ọ̀nà yà kúrò lẹ́bàá òkun fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sinmi, kí ó sinmi níhìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó jí kí ó tó dé Sogakope, níbi tí a ti ń gba orí afárá kọjá odò Volta, tí àwọn oníbúrẹ́dì sì ń sáré tọ ọkọ̀. A kọjá Accra, a kọjá ìyànà Winneba, nígbà tí a bá sì dé ìhà Saltpond, òkun yóò tún padà wá bá wa. Láti ibẹ̀ títí dé Cape Coast àti Elmina ni ojú ọ̀nà ti dára jù lọ nínú gbogbo ìrìn náà: igi àgbọn, ọkọ̀ àwọn apẹja tí a kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi, àti ilé olódi funfun tí àwọn ará Potogí kọ́ sí Elmina ní ọdún 1482. Bí ènìyàn bá ń wo ilé náà, kí ó rántí pé kì í ṣe ilé ẹ̀yẹ. Láti inú rẹ̀ ni a ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú lọ sí oko ẹrú. Lẹ́yìn Takoradi, igbó dúdú àti oko igi rọ́bà ni a óò máa rí títí dé Elubo. Ní ìhà kejì, Aboisso, lẹ́yìn rẹ̀ Bonoua tí a mọ̀ fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, lẹ́yìn rẹ̀ Grand-Bassam, tí ó jẹ́ olú ìlú àwọn Faransé ní 1893 kí ibà pọ́njú tó lé wọn kúrò níbẹ̀, àti níkẹyìn Àbíjàn lórí ọ̀sà rẹ̀.

Ẹni tí fèrèsé òsì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní láti bínú. Ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ń lọ ni adágún Nokoué wà ní Kútọnu, ní ọwọ́ ọ̀tún náà ni ọ̀sà ilẹ̀ Tógò wà. Òkun ni ẹ̀gbẹ́ òsì ń fi hàn wá, ṣùgbọ́n abúlé, oko àti ọjà ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń fi hàn. Ẹni tí ń wá ọjà tuntun fún òwò rẹ̀ lè rí èrè níbẹ̀ ju ẹni tí ń wo ìgbì lọ.

Òfin kejì ni ti oòrùn. Ọ̀nà náà lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ẹ̀yìn wa ni oòrùn àárọ̀ ń wà ní àlọ, iwájú wa ni ti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gan-an ni ọ̀ràn wà. Ní àsìkò ọyẹ́, ìhà gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, yóò sì máa mú ẹni tí ó wà ní fèrèsé òsì. Ṣùgbọ́n láti inú oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni ó ń gbà, ẹ̀gbẹ́ òsì a sì ní ibòji ní ọ̀sán. Nítorí náà ẹni tí ń lọ ṣe ọdún Kérésìmesì ní Àbíjàn, kí ó mú aṣọ fẹ́lẹ́ kan dání tí yóò fi ta fèrèsé nígbà tí oòrùn bá mú jù. Kí àwọn ìyá ọlọ́mọ má ṣe gbàgbé omi mímu.

Òfin kẹta ni ti àkókò. Fèrèsé kò wúlò lóru. Ẹ béèrè wákàtí tí ọkọ̀ yóò gbéra, kí ẹ sì ṣe ìṣirò ibi tí ilẹ̀ yóò ti ṣú bá yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yan ọkọ̀ tí yóò gba Aného tàbí Elmina kọjá ní ojúmọmọ. Òfin kẹrin kò gba àríyànjiyàn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọwọ́ tàbí yọ orí sí ìta fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí ń wa ọkọ̀ sí. Àwa ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Gánà sì tẹ̀lé wa ní 1974. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òsì gan-an ni àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ ń gbà kọjá. Ojú ni kí a fi wòran, kì í ṣe apá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kejì, fèrèsé òsì ni a jókòó sí, a sì kọ ohun tí a rí sínú ìwé kékeré kan. Ní Aného a rí i pé òkun kò jìnnà sí ilé àwọn ènìyàn mọ́. A rí òkúta ńláńlá tí a kó jọ sínú omi láti dá ìgbì dúró, a rí ògiri ilé tí ó ti wó sínú iyanrìn, àwọn èrò tí wọ́n mọ ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ sì fi ọwọ́ hàn wá pé inú omi lọ́hùn-ún ni apá kan ọ̀nà àtijọ́ wà.

A wádìí ohun tí ó fa èyí. Ìṣàn òkun ní etí ilẹ̀ wa yìí a máa kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, iyanrìn tí ó bá sì lọ, òmíràn a máa rọ́pò rẹ̀. Ní 1965 a parí ìdídò ńlá ti Akosombo lórí odò Volta ní Gánà, iyanrìn tí odò náà ń kó wá sí òkun sì dín kù. Ní 1968 a ṣí èbúté Lomé, odi rẹ̀ tí ó nà wọ inú òkun sì dá iyanrìn dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìlú tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ kò rí ìrọ́pò mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wọn. Iná mànàmáná àti èbúté jẹ́ ohun rere, a kò sì ní sọ pé kí a má ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun rere tí a ṣe níhìn-ín lè jẹ́ ẹkún ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, bí ẹnikẹ́ni kò bá wo ọ̀nà tí omi ń gbà lọ.

Nígbà tí a dé ilé, a lọ bá ìyá náà, a ka ohun tí a kọ fún un. Ó gbọ́ ti Elmina, inú rẹ̀ dùn pé ilé funfun náà ṣì dúró. Ó gbọ́ ti Aného, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà náà, ibi tí mo ti máa ń ra àgbọn fún àwọn ọmọ mi ti di inú omi." Ó ní kí a tún un kà. Ní ìkẹyìn ó ní, "Nígbà tí àwọn ọmọ Àbíjàn bá ń bọ̀ wá ṣọdún, ẹ sọ fún ìyá wọn kí ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kí ẹnì kan nínú ilé yìí mọ ọ̀nà náà lẹ́yìn mi." Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa báyìí. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fi ń kọ ìwé yìí.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ọkọ̀ òfurufú ni àwa ń wọ̀ ní tiwa." Ó dára, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Láti Ìkejà dé Àbíjàn nínú afẹ́fẹ́ lé díẹ̀ ní 800 kìlómítà, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá tọ ọ̀nà tààrà, ìlà etí òkun yóò wà ní òsì, pẹ̀lú ìgbì funfun bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin omi àti iyanrìn. Ní ọ̀tún, bí ojú ọ̀run bá mọ́, a lè rí adágún Volta, tí ìdídò Akosombo dá sílẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 8,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Ẹ kíyè sí i: omi tí a rí ní fèrèsé ọ̀tún wà lára ìdí tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ tí a rí ní fèrèsé òsì. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní wo ìta bí ẹni ń wo àwòrán lásán. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀sà Àbíjàn láti ìhà àríwá, ẹni tí ó wà ní ọ̀tún ni ó sábà máa ń rí àwọn ilé gogoro àdúgbò Plateau.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, lẹ́tà ni a fi ń mọ ìjókòó. A ni fèrèsé òsì. Nínú ọkọ̀ tí ó ní ìjókòó mẹ́fà ní ìlà kan, F ni fèrèsé ọ̀tún. Nínú àwọn ńlá tí ń lọ sí òkè òkun, K ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ má ṣe jókòó sí àárín gbùngbùn, nítorí apá ọkọ̀ yóò bo ilẹ̀ mọ́ yín lójú. Iwájú apá ni ó dára jù. Lẹ́yìn apá, ooru tí ń jáde láti ẹnu ẹ́ńjìnnì a máa mú kí ohun tí a ń wò máa gbọ̀n bí ohun tí a ń wò láti orí iná. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá fèrèsé wà ní ìlà ìjókòó yín ní òtítọ́, nítorí àwọn ìlà kan ń bẹ tí ògiri lásán ni ó wà níbẹ̀. Ìlà tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn àjálù kì í ṣe ti ọmọdé.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rin ìrìn tí ó jìn ju èyí lọ, nǹkan bí 5,000 kìlómítà sí ìhà àríwá, ó sì ń gba wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbéra lóru, òkùnkùn ni wọn yóò sì fi kọjá aginjù Sàhárà. Bí ẹ bá rí èyí tí ń lọ ní ọ̀sán, ẹ gbà á, kí ẹ sì jókòó sí ọ̀tún, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò wà ní òsì. Ẹ óò rí iyanrìn tí kò ní òpin, ilẹ̀ tí àwọn èwe wa kan ń fi ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù kọjá tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú sí. Ẹni tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí bí aginjù náà ti gbòòrò tó, kò ní jẹ́ kí ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òkun Mẹditaréníà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ Faransé. Bí ọkọ̀ bá sì gba ìlà-oòrùn wọ Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọ̀tún náà ni odò Thames àti àárín ìlú yóò wà. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku a máa bo ilẹ̀ tiwa mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ni ojú ọ̀run sábà máa ń mọ́ díẹ̀.

Ó kù kí a sọ ẹni tí ìjókòó náà tọ́ sí. Àgbàlagbà tí ń lọ sí ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà gbogbo, aboyún, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó yẹ wọ́n, kí wọ́n lè máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó pípẹ́ lójú kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Òwe wa sọ pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọdé jókòó sí fèrèsé, kí àgbà sì jókòó tì í láti sọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń rí fún un. Ẹni tí ó bá gba ìjókòó náà tí ó sì fi sùn, kí ó rántí Eutíkù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun gbé lọ lójú fèrèsé ní Tíróásì nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù, tí ó sì ṣubú láti àjà kẹta. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, ó jí; ṣùgbọ́n ohun tí a wí nígbà tí ó ń sùn ti kọjá lára rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Ní 1822 ni a gbé Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn ọ̀la, wọ ọkọ̀ ẹrú ní Èkó. Nínú ikùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí fèrèsé. Àwọn tí a kó lọ kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní 1839, àwọn kan nínú àwọn ará wa tí a dá sílẹ̀ ní Freetown ra ọkọ̀ ẹrú kan tí ìjọba ti gbà, wọ́n sì tọ etí òkun yìí gan-an padà bọ̀ sí ìhà Bàdágìrì. Ilẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì wọn ní gbogbo ọ̀nà, ojú wọn sì wà lára ilẹ̀ náà, nítorí pé ilé ni wọ́n ń wá. Àwọn ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn Sàró yòókù àti fún ìyìn rere.

Ẹ tún rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó fi ìkánjú kó ẹrù wọn bọ̀ wá sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò rí rí. Lónìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti 1979 fún wa ní àyè láti lọ àti láti bọ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí a bí ní Àbíjàn, tí ń sọ Faransé, tí ó sì ń sùn láti Treichville títí dé Èjìgbò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó so ilé rẹ̀ méjèèjì pọ̀? Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé, ọ̀nà wo ni yóò gbà lọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, nígbà tí ẹ bá ń sanwó ọkọ̀ fún ìrìn-àjò ọdún yìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: òsì ní àlọ, ọ̀tún ní àbọ̀. Ẹ fún ọmọ ní ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó kọ orúkọ ìlú àti odò bí ó ti ń rí wọn. Nígbà tí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó kà á fún àgbà kan nínú ilé tí kò lè rìn mọ́. Ẹ óò rí ayọ̀ tí yóò wà lójú àgbà náà, ọmọ náà yóò sì mọ̀ pé òun ti ṣe iṣẹ́ ojú fún ẹni tí ojú ń dùn.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo àwọn arìnrìn-àjò wa dé ibi tí wọ́n ń lọ ní àlàáfíà, kí ó sì tún mú wọn padà bá wa ní ayọ̀. Àmín.